Ẹ Yẹ Ọkọ̀ Yín Wò Kó Tó Gbóná

 

Púpọ̀ nínú wa ló ń fi ọkọ̀ tó ti pẹ́ kó ọjà. Ó lè jẹ́ Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kaduna ní 1975, ó sì lè jẹ́ bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, tòmátì inú rẹ̀ kì í dúró de mẹkáníìkì. Owó ọjà á lọ, owó àtúnṣe á tún tẹ̀ lé e. Ohun tó sì ń pa ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ogbó, ooru ni. Omi àti epo ẹ́ńjìnnì ló ń gbà á lọ́wọ́ ooru. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ ti tó láti yẹ méjèèjì wò.

OMI: Omi ń yí inú ẹ́ńjìnnì ká, a gbé ooru lọ sínú rédíétọ̀, atẹ́gùn a sì tù ú níbẹ̀. Bí omi bá dín, ooru kò ríbi lọ. Orí ẹ́ńjìnnì 504, alumíníọ̀mù ni. Bó bá gbóná jù, á wọ́, ohun tí mẹkáníìkì ń pè ní "top gasket" á sì jó. Láàárọ̀, kí ẹ tó táátì ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, kí ẹ rí i pé omi kún dé ọrùn. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bu omi sí i, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀, ẹ sì wo àwọn họ́ọ̀sì rẹ̀ bóyá wọ́n ti là.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí yìí nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná! Omi inú rẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó nínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ, nítorí ìdérí há a mọ́. Á tú jáde, á bó ojú àti ọwọ́ èèyàn. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ó lè là bí ìkòkò amọ̀.

EPO: Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fa géèjì jáde, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ kì í padà, kí ẹ tún fà á. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kí epo wà. Bó bá dín, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kó má kọjá àmì òkè. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọnú epo nìyẹn: ẹ má wa ọkọ̀ náà rárá, ẹ ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Bí iná pupa epo bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé "jẹ́ n délé ná."

TÁYÀ: Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ lè bẹ́ bó tilẹ̀ ń dán bíi tuntun. Kí ẹ tó sanwó táyà tòkunbọ̀, ẹ ka nọ́ńbà yẹn.

Bíréèkì ní tiẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ilé o. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń rì jù lórí rẹ̀, ẹ má kó èrò, ẹ má kó ẹrù, àfi kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí dẹ́rẹ́bà ń wa ọkọ̀ yín, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ ní kó fa géèjì náà lójú yín. Ẹni tó mọ ohun tó ń bẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n tó ta ohun tí kò bàjẹ́ fún un. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

A ó máa lọ ire, a ó máa bọ̀ ire o.