Magasíìnì iṣẹ́ igi wo ló yẹ kí káfíńtà san àsansílẹ̀ owó fún?

Káfíńtà tó bá ní fóònù tó sì ní dátà lónìí lè wo bí wọ́n ṣe ń kan àga ní Amẹ́ríkà tàbí Japan láì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fídíò pọ̀ lórí YouTube, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Síbẹ̀, àwọn magasíìnì tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ igi ṣì ń jáde, nítorí pé ohun tí fídíò máa sáré kọjá, ìwé á yà á ní àwòrán, á kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó sì lè gbé e sórí tábìlì iṣẹ́.

Àmọ́ owó dọ́là tàbí pọ́n-ún ni wọ́n ń gbà. Èwo nínú wọn ló tó owó náà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Kòtònú, Lomé tàbí Àkárà?

Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Kí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi ₦470 lọ ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Magasíìnì tí wọn kò fi sẹ́ǹtì kan kún owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti di ìlọ́po mẹ́ta fún káfíńtà ní Nàìjíríà. Ara tu ẹni tó ń ná owó CFA díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé wọ́n so owó náà mọ́ yúrò, ṣùgbọ́n òun náà kò ní owó tó fẹ́ fi ṣòfò.

Ta ni wọ́n ń kọ ọ́ fún?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni irú òǹkàwé tí magasíìnì kọ̀ọ̀kan ní lọ́kàn.

Fine Woodworking, tí Paul Roman dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Connecticut lọ́dún 1975, wà fún ẹni tó fẹ́ kan àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tó máa tọ́jọ́. Àwọn oníṣẹ́ igi fúnra wọn ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: bí igi méjì ṣe ń wọ inú ara wọn láì lo ìṣó, bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin, bí wọ́n ṣe ń kun igi kó máa dán.

Woodsmith ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa lọ́dún 1979. Don Peschke ló dá a sílẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde láì gba ìpolówó ọjà. Àwòrán ni agbára rẹ̀. Wọ́n máa ń tú iṣẹ́ kan palẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, débi pé ọmọ iṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ojú tẹ̀lé e.

WOOD, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, dojú kọ ẹni tó ń fi iṣẹ́ igi najú nílé tó sì ní ẹ̀rọ tó pọ̀. Mortise & Tenon, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maine lọ́dún 2016, ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Irinṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àwọn àgbà àtijọ́ ló gbájú mọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, The Woodworker ti wà láti ọdún 1901. Charles Hayward, tó jẹ́ olóòtú rẹ̀ láti ọdún 1939, kọ ọ́ lásìkò ogun, nígbà tí pákó wọ́n bí ojú. Ọwọ́, ayùn àti ìfági ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé rẹ̀ ní. Ilé iṣẹ́ Lost Art Press ní Amẹ́ríkà ti kó àwọn àpilẹ̀kọ ìgbà náà jọ sínú ìwé.

Iná wọn kì í ṣe iná wa

Ojú ewé púpọ̀ nínú àwọn magasíìnì Amẹ́ríkà ló máa ń sọ irú ẹ̀rọ tó yẹ kí èèyàn rà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra.

Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ volt 120, hertz 60. Tiwa ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana tó volt 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, hertz 50. Èèyàn lè ra tiransifọ́má tó máa dín volt kù, àmọ́ kò ní sọ hertz 50 di 60. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ńlá tí wọ́n ṣe fún hertz 60 ló máa ń lọ́ra, tó sì máa ń gbóná jù níbí.

Torí náà, bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lórí ẹ̀rọ lẹ ń wá, magasíìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ yín ju ti Amẹ́ríkà lọ, nítorí iná tó jọ tiwa ni wọ́n ń lò. Bí ó bá sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé tó ń kọ́ni ní irinṣẹ́ ọwọ́ á dín owó epo kù fún yín.

Igi wọn kì í ṣe igi wa

Maple, cherry àti walnut ló kún inú àwọn magasíìnì yìí. Ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà, arère àti apá ló wà ní ilé ìlagi tiwa. Ojú ọjọ́ náà yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gbẹ pákó títí omi inú rẹ̀ á fi wà láàárín ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé ẹ̀rọ amúléyá máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ ilé wọn. Pákó tó wà nítòsí òkun ní Èkó tàbí Kòtònú kò lè gbẹ tó bẹ́ẹ̀ kó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá da ìwọ̀n inú magasíìnì kọ láì ronú, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ lè wú títí tí kò fi ní ṣí mọ́ lásìkò òjò. Àmọ́ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ níbikíbi láyé: igi máa ń wú, ó sì máa ń súnkì ní ìbú, gígùn rẹ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ àlàfo tó yẹ kó fi sílẹ̀ de òjò àti ọyẹ́.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Magasíìnì tó bá ń sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe nǹkan ló tó owó yín. Èyí tó kàn ń sọ ìwọ̀n àti orúkọ ẹ̀rọ, òǹkàwé ibòmíràn ló ni ín.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí ẹ kà á tán. Ẹ ka iye ojú ewé tó lè ran iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ yín báyìí lọ́wọ́. Bí kò bá pé mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ má ṣe san owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bó ti wù kí wọ́n dín in kù tó. Magasíìnì máa ń kú. American Woodworker, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2014. Lọ́dún 2019, gbèsè wọ ilé iṣẹ́ F+W tó ń tẹ Popular Woodworking lọ́rùn, wọ́n sì ta magasíìnì náà fún ẹlòmíràn.

Ẹ wo èyí tó máa ṣí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá san owó íntánẹ́ẹ̀tì Fine Woodworking lè ka ẹ̀dà rẹ̀ láti 1975. Ìyẹn wúlò ju ẹ̀dà tuntun tó lè há sí ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ lọ. Bí owó kò bá sí rárá, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àtijọ́ Popular Mechanics wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Books, iṣẹ́ igi sì pọ̀ nínú wọn.

Ní kúkúrú: ẹni tó ń kan àga olówó ńlá fún oníbàárà, kí ó gbìyànjú Fine Woodworking fún ọdún kan. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, kí ó wo Woodsmith. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ìwé Hayward kan á ṣe é lóore ju àsansílẹ̀ ọdún mélòó kan lọ.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣí gbogbo wọn tí ẹ kò ní rí: ọgbọ́n àwọn ọ̀gá wa. Oṣù mélòó ni ìrókò nílò lábẹ́ òrùlé kí ó tó ṣeé kàn? Kí ló dé tí àwọn onílù fi ń fẹ́ igi ọ̀mọ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń dá pákó tí kòkòrò ti wọ̀ mọ̀ ní ilé ìlagi? Ẹnu àgbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, àwọn àgbà náà sì ń lọ. Nínú owó tí ẹ bá yà sọ́tọ̀ fún magasíìnì, ẹ fi díẹ̀ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò, kí ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀wé jù ní ṣọ́ọ̀bù máa kọ ohun tí ọ̀gá bá sọ síbẹ̀.