Bí Ọmọ Ọwọ́ Bá Ń Ké ní Gbogbo Alẹ́

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Wọ́n ti mú iná lọ, ooru ń mú, ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì ti ń ké láti ìrọ̀lẹ́. Ó ti mu ọyàn yó, ìtẹ́dìí rẹ̀ kò tutù, ara rẹ̀ kò gbóná. Síbẹ̀ ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ká ẹsẹ̀ sí ikùn, ó ń pariwo bí ẹni tí kòkòrò ta. Ni ìyá ọkọ bá yọ láti yàrá kejì, ìgò oògùn kan àti ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Inú ló ń run ún, ìyàwó mi. Ṣíbí kan péré, á sùn.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nọ́ọ̀sì ní ká má fún un ní nǹkan kan yàtọ̀ sí ọyàn.”

“Ṣé nọ́ọ̀sì ló bá mi tọ́ ọkọ rẹ ni?”

Irú ọ̀rọ̀ yìí ń wáyé ní Kano, ní Enugu àti ní Ìbàdàn. Màmá kò fẹ́ ibi fún ọmọ ọmọ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn léwu. Lọ́dún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní Nàìjíríà, torí pé kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Àwọn òbí tó rà á kì í ṣe aláìbìkítà. Ohun tí ọmọ wọn á fi rí ìtura ni wọ́n ń wá.

Àgbo náà ní ewu tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe le tó, omi tí wọ́n fi sè é lè má mọ́, ikùn ọmọ kò sì tóbi: ohun tó bá kún un ló gba àyè ọyàn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń fún ọmọ lómi pàápàá títí á fi pé oṣù 6.

Kí wá ló ń pa á lẹ́kún? Ọ̀pọ̀ ọmọ tára wọn le koko ló máa ń ké bẹ́ẹ̀. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ó sì máa ń rọlẹ̀ tí ọmọ bá tó oṣù 3 tàbí 4. Kò túmọ̀ sí pé ọyàn ìyá kò dára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹnì kan ní àdúgbò ń ṣe ọmọ náà.

Ẹ gbé e lé èjìká kó lè gùfẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e mọ́ àyà lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá dà á dojú bolẹ̀ sórí apá, tí ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú, tí wọ́n sì ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú orin jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa pọ̀n ọ́n, kí aṣọ gbé ọrùn rẹ̀ dúró, kí imú rẹ̀ má sì bò. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ọgbọ́n ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún un láyè kó ṣiṣẹ́. Tó bá ti sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀.

Nígbà míì, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí òbí tí oorun ń kùn. Ẹ má ṣe mi ọmọ jìgìjìgì láé, torí ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó sàn kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sẹ́yìn síbi tí kò ti lè jábọ́, kẹ́ ẹ jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àmọ́ tí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 bá ní ibà tó dé 38°C, tó kọ ọyàn, tó ń bì omi aláwọ̀ ewé, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú, tí gìrì mú un tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ọmọ kò bá màmá jà. Ó ní, “Màmá, apá ti ro mí. Ẹ bá mi gbé e.” Màmá gbé ìgò sílẹ̀, ó gba ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì ń gbé e rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kì í ní oríkì. Iná kò tíì dé nígbà tí ọmọ sùn.