Ìpara Tí A Pò Nílé: Ṣé Ìṣirò Rẹ̀ Pé?

Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tún dé, ara àwọn ọmọ ti ń funfun bí ẹni tó yí eérú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń po ìpara fúnra wọn, tí àwọn míì tilẹ̀ ń tà á níbi àríyá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akáǹtáǹtì ni mí, mo fẹ́ kí ìṣirò pé.

Òrí lásán kò ní wàhálà. Kò sí omi nínú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kì í sì í gbèrú níbi tí kò sómi. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kó di ìpara ṣíṣàn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ da òróró àti omi sínú ìgò, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Kò ní pẹ́ tí kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Emulsifying wax ló ń so wọ́n pọ̀.

Ẹ wo gíráàmù 100: omi 60, omi aloe vera 10, òrí 10, òróró àgbọn 10, emulsifying wax 6, glycerin 3, phenoxyethanol 1. Òṣùwọ̀n ni ká fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí. Ẹ gbé omi àti òróró kaná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó bíi 70°C, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ máa rò ó. Tó bá ku lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí aloe vera àti phenoxyethanol wọlé.

Phenoxyethanol yìí ni àwọn kan máa ń yọ kúrò, wọ́n á ní ewé nìkan làwọn fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ o! Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ nínú omi, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ìpara lè máa ta sánsán kí bakitéríà sì ti kún inú rẹ̀. Òfin kò jẹ́ kí phenoxyethanol kọjá 1 nínú 100. Ṣé 1 náà tó? Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Níbi àyẹ̀wò, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi bakitéríà àti olú sínú ìpara, wọ́n á sì máa wò ó fún ọjọ́ 28 bóyá wọ́n ń kú.

Nílé, ẹ gbé ìgò kan sítòsí ẹ̀rọ amúlégbóná, kí ẹ gbé èkejì sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ 4. Bí òróró bá ya sọ́tọ̀ tàbí òórùn yí padà, ẹ dà á nù. Àgbàlagbà ni kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sínú ìgbọ̀nwọ́, kó dúró fún wákàtí 48. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i; bí oòrùn bá kàn án lára, ó lè bó ni lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, òfin Britain ní kí onímọ̀ tó tọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i, kí ìgò kan ṣoṣo tó dé ọjà. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni o. Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo èyí, kó fi òrí lásán ra ọmọ rẹ̀ lára. Òun náà ti tó.