Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Odídẹrẹ́

Ọmọ ìka mẹ́rin ni ó wà ní ẹsẹ̀ odídẹrẹ́ kọ̀ọ̀kan: méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ yìí náà ni ọwọ́ rẹ̀; òun ni ó fi ń di igi mú, òun ni ó sì fi ń gbé oúnjẹ sẹ́nu.

Ohun èkíní tí a ó bojú tó ni igi tí ẹyẹ náà ń bà lé. Bí igi náà bá nípọn lọ́gbọọgba jálẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, ibẹ̀ a sì di egbò. Ẹ̀ka gúáfà tí ó nípọn níbi kan, tí ó sì tínrín níbòmíràn, ni ó dára.

Èékánná tí ó bá gùn jù a máa há sára aṣọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í rí i, nítorí pé èékánná odídẹrẹ́ dúdú. Nítorí náà, ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ni kí á gé, díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnìkejì fi aṣọ di ẹyẹ náà mú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fún àyà rẹ̀, kí èémí rẹ̀ má baà sé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kí á fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ojú ibẹ̀. Bí kò bá dá, kí á gbé ẹyẹ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko kíákíá.

Odídẹrẹ́ lè fọhùn bí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ojú ẹni tí ó ń sìn ín ni ó gbọ́dọ̀ rí i.