Àjẹsára àti Èèwọ̀ Ara lára Ẹṣin

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn Mossi yóò mọ̀ pé ẹṣin ni ó gbé ìjọba wọn ró. Ìtàn wọn sọ pé orí ẹṣin ni Yennenga ọmọ ọba wà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Rialé ọdẹ, àti pé Ouédraogo, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ akọ ẹṣin, ni wọ́n sọ ọmọ tí wọ́n bí. Títí di òní, ẹṣin funfun méjì ni ó wà lára àmì orílẹ̀-èdè Burkina Faso. Àwa Yorùbá náà kò gbàgbé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ẹranko alágbára yìí ní ọ̀tá kan tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mílímítà 3 lọ. Kantíkantí ni, irú èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni kantíkantí yìí ń gbà pa ẹṣin lára. Ọ̀nà kìíní ni àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1944, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ du Toit ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé kantíkantí ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ibà a mú ẹṣin, òkè ojú rẹ̀ a wú, mímí a ṣòro fún un, ìfófòó a sì máa jáde ní imú rẹ̀. Nínú ẹṣin 10 tí kò ní àjẹsára, ó lè pa 7 tàbí 9.

Ẹ jẹ́ kí a mú Tampouy ṣe àpẹẹrẹ, àdúgbò ńlá kan ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn ìlú Ouagadougou. Bí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù bá wà ní agbo ilé kan níbẹ̀, tí kantíkantí sì jẹ àwọn méjèèjì, ẹṣin lè kú kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ má tilẹ̀ ṣàárẹ̀. Nítorí náà, ìlera kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé àrùn kò sí nítòsí.

Kí ni àjẹsára? Ó jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ara kọ́ nípa ọ̀tá rẹ̀, tí ó fi ń dá a mọ̀ bí ó bá tún dé. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, Alexander ní ilé ìwádìí Onderstepoort mú kòkòrò àrùn náà gba inú ọpọlọ eku kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí lọ, títí ó fi rọ tí a sì lè fi ṣe abẹ́rẹ́. Ẹ̀yà mẹ́sàn-án ni kòkòrò náà ní. Ẹṣin tí ó mọ ọ̀kan lè má mọ òmíràn. Ẹ̀yà kejì ni ó pa ẹṣin ní Senegal ní ọdún 2007.

Ọmọ ẹṣin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ní ẹ̀kọ́ yìí rárá, nítorí kò lè gbà á láti inú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́, èyí tí ó ki, ni ìyá ti ń fi í fún un, ó sì gbọ́dọ̀ mu ún kí ọjọ́ kan tó pé. Ààbò náà a máa tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ọ̀nà kejì yàtọ̀. Níhìn-ín, ara kò ṣe aláìmọ ọ̀tá. Ó bá a jà ju bí ó ti yẹ lọ. Itọ́ kantíkantí lásán a mú kí ẹṣin máa fi ìrù àti gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ ha ara igi títí yóò fi bó. Èyí ni a ń pè ní aléjì, èèwọ̀ ara. Kì í ràn.

Bettina Wagner, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn abo ẹṣin wá láti Iceland, níbi tí irú kantíkantí bẹ́ẹ̀ kò ti bá wọn dàgbà. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kantíkantí ń jẹ láti kékeré, bọ́ nínú ìyọnu náà. Ó hàn gbangba pé ìgbà èwe ni ara ń kọ́ ohun tí ó yẹ kí ó bá jà àti ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan mẹ́rin kọ́ àwọn ọmọ tí ilé wọn ní ẹṣin. Kí wọ́n má ṣe fún wàrà àkọ́kọ́ dànù. Kí wọ́n lọ béèrè abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí àrùn tó dé. Kí wọ́n mú ẹṣin wọlé kí oòrùn tó wọ̀, nítorí láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ ni kantíkantí ń jẹ jù. Kí wọ́n sì máa kó ìgbẹ́ àti ẹrẹ̀ kúrò nítòsí ilé ẹṣin, nítorí ibi tí ó rin ni ó ń pamọ sí. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n, ọmọ yóò mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ nílé yóò sì gbọ́.