Ayò ogun rèé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a ta!

Ta ló ń dá ayò ta? Ohun tí Glenn Frank gbé jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1981 nìyẹn, B-17, Queen of the Skies. Bàálù tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ ju bọ́ǹbù nígbà ogun Hitler lèèyàn máa wà. Kò sẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń ta á o. Dáìsì bíi ti lúdò ló ń sọ ibi tí bàálù ọ̀tá máa gbà yọ, àtẹni tí ọta máa bà.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé ẹni tó ń ta á ló máa fún àwọn mẹ́wàá inú bàálù lórúkọ. Tí dáìsì bá pa ọ̀kan, ẹni tó sọ lórúkọ ló kú yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ kí wọ́n tó bọ́. Iye tí wọ́n là kalẹ̀ fáwọn sójà gidi lọ́dún 1943 nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni ò sì débẹ̀.