Gómìnà, Àlejò Tó Nilé

Nínú òfin tó dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀, Visitor ni wọ́n pe gómìnà. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ wò ó: àlejò. Àlejò tó ń sanwó oṣù onílé, tó ń fọwọ́ sí i kí gíwá tó dórí àga, tó sì lè jí lọ́jọ́ kan kó ní orúkọ ilé náà kò wu òun mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìròyìn ọgbà LASU, OOU, LAUTECH tàbí EKSU fi máa ń jọ ìròyìn òṣèlú, ọ̀dọ̀ àlejò yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 ló ṣílẹ̀kùn fún ìpínlẹ̀ láti dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Yunifásítì Ifẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi owó ara rẹ̀ kọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1975. Nígbà tí alágbádá padà dé, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN kò fi àkókò ṣòfò. Ajasin ti Oǹdó dá ti Adó-Èkìtì sílẹ̀ ní oṣù kẹta 1982, Ọnàbánjọ ti Ògùn dá ti Àgọ́-Ìwòyè (OOU òde òní) ní oṣù keje ọdún náà, Jákàńdè ti Èkó dá LASU ní 1983.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ ṣáájú, nítorí ojú Adó ti rí nǹkan níbẹ̀. Obafemi Awolowo University ni Ajasin pe ilé ìwé náà. Ológun dé, ó di Ondo State University ní 1985. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, ìjọba àpapọ̀ gbé orúkọ yẹn kan náà fún Ifẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996. Oǹdó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àkùngbá ní 1999, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Ajasin báyìí. Ti Adó di University of Ado-Ekiti, UNAD lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2011, wọ́n da yunifásítì ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì pọ̀ mọ́ ọn, ó wá di Ekiti State University, EKSU.

Ọgbà kan, orúkọ mẹ́rin. Ẹni tó bá wọlé ní 1982 fún ọdún mẹ́rin kò lè fi orúkọ tó bá nílẹ̀ jáde. Ká ní obìnrin kan jáde ní UNAD, tó fẹ́ lọ kàwé sí i ní Kánádà. Sàtífíkéètì rẹ̀ wà nínú náílọ́ọ̀nù lábẹ́ àpótí aṣọ, UNAD ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i. Àwọn ará ọ̀hún wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, EKSU ni wọ́n bá. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ó di dandan kó wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Adó nítorí gbólóhùn kan péré.

Ibi tí wọ́n ń kọ́ ọgbà sí náà, ọwọ́ àlejò wà níbẹ̀. UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí Gómìnà Oyinlọlá dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà mẹ́fà: Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ifẹ̀tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹkùn kankan má bàa sọ pé wọ́n yan òun jẹ. (Òkukù, ẹ má gbàgbé, ni ìlú Oyinlọlá fúnra rẹ̀.) OOU kó ẹnjiníà lọ sí Ìbógun, iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí Ayétòrò, ìṣègùn lọ sí Ṣàgámù. Àwọn kan ní owó ló ń fọ́n ká: láíbìrì kan di mẹ́fà, jẹnẹrétọ̀ kan di mẹ́fà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi màmá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì nírú ìlú bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà ìyanṣẹ́lódì, tí ìkòkò ìrẹsì kúkú ń kún láti àárọ̀ dalẹ́ láìsẹ́ni tó wá rà á. Òun mọ ohun tí ọgbà kan túmọ̀ sí.

Owó ilé ìwé ló wá ń dunni jù. ₦25,000 ni ọmọ LASU ń san lọ́dún títí di 2011. Ìjọba Gómìnà Fáṣọlá ní Èkó gbé e sókè fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: èyí tó kéré jù kọjá ₦190,000, ti ìṣègùn sún mọ́ ₦350,000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn títí, wọ́n dé Alausa níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ní 2014, gómìnà kan náà dá a padà sí ₦25,000. Ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀.

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ tún yàtọ̀, nítorí àlejò méjì ló ni ín títí di 2020. Ọdún 1990 ni Ọ̀yọ́ dá LAUTECH sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń jùmọ̀ ni ín. Èyí ní kí tọ̀hún sanwó, tọ̀hún ní kí èyí kọ́kọ́ san. Wọ́n gbé ara wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó ní àwọn méjèèjì ló ni ín. Ní 2016 sí 2017, géètì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ tó wọlé kò mọ ìgbà tóun máa jáde. Ní oṣù kọkànlá 2020, Ọ̀yọ́ gbà á pátápátá. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Òṣogbo kù sọ́wọ́ Ọ̀ṣun, UNIOSUN ló ń lò ó báyìí, bíi tọkọtaya tó kọ ara wọn tí wọ́n ń pín ìkòkò.

Ọdún mẹ́jọ ló pọ̀ jù fún gómìnà. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ló ń gbé orúkọ ilé ìwé kiri títí ikú. Ẹgbẹ́ wọn ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n ń tún kíláàsì ṣe, wọ́n ń fi ẹ̀bùn dá ọmọ tó mọ̀wé lọ́lá. Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣe báyìí yẹ kó lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ tàbí olówó ilé náà, kó má jẹ́ pé orí rédíò ló ti máa gbọ́ ọ.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ Adó tí ẹ jáde ṣáájú 2011: bí ẹ bá ń kọ̀wé béèrè transcript, ẹ kọ orúkọ ilé ìwé bó ṣe wà lára sàtífíkéètì yín, kí ẹ kọ EKSU tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ní kí ọ́fíìsì rẹ́jísírà fi lẹ́tà ìyípadà orúkọ kún un.